Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìkàwé: Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Lè Pe Èèyàn Mẹ́wàá Jọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ìkàwé Ìlú,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé pẹ̀lú, àwọn tí wọn ò pọ̀ tí iṣẹ́ sì pọ̀ fún. Ẹ kú iṣẹ́.

A ti ka ìpinnu tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní láti oṣù tó ń bọ̀, ètò oṣooṣù ti parí: kò sí ìjíròrò ìwé mọ́, kò sí wákàtí ìtàn fún àwọn ọmọdé, àkójọ àbá ìwé kíkà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìyáwèé náà á kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ ńlá kan lọ́dún ni yóò rọ́pò gbogbo wọn. Ìdí tí ẹ kọ síbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, pé àwọn èèyàn kì í wá, ẹ sì fi ìjíròrò ìwé ṣe àpẹẹrẹ.

Òótọ́ ni, wọn kì í wá. A ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó dùn wá ni pé kò sẹ́ni tó béèrè ìdí, bẹ́ẹ̀ ìdí náà wà nínú rẹ́jísítà ìwé yíyá tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

1. Ìjíròrò ìwé lẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ìkéde á jáde nígbà tó bá ku nǹkan bí ọjọ́ 10 kí ìpàdé wáyé. Ìwé tí wọ́n yàn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lórí pẹpẹ. Òfin ilé-ìkàwé sì fún ẹni tó bá yá ìwé ní ọjọ́ 14. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gbé e lọ, á sì tọ́jú rẹ̀ títí ìpàdé á fi kọjá, kò sì tíì rú òfin kankan. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹyọ ẹnì kan péré ló lè rí ìwé náà kà. Bí èèyàn 4 bá jókòó nínú yàrá, mẹ́ta nínú wọn wá gbọ́ àlàyé ìwé tí wọn ò fojú kàn ni. Ẹ wá ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò padà wá lóṣù kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé 20 lójúmọ́ á parí ìwé olójú ewé 280 ní ọjọ́ 14. Ìwé tó bá nípọn ju ìyẹn lọ, ẹ má yàn án fún ìjíròrò, bó ti wù kó dùn tó. Bí ẹ bá gbé ìwé síta ní ọ̀sẹ̀ 7 ṣáájú ìpàdé, ọjọ́ 49 nìyẹn. Ẹ̀dà kan á gba ọwọ́ èèyàn 3 kọjá ní ọjọ́ 42, ọjọ́ 7 á ṣẹ́kù fún ẹni tó pẹ́ dá ìwé padà àti ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹ̀dà 4 á tó èèyàn 12. A ò béèrè ẹ̀dà 12 lọ́wọ́ yín.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Èkíní ni kí wọ́n gba ẹnì kan láyè láti tún ìwé náà yá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ti ìyẹn pa fún ìwé ìjíròrò nìkan, kí ẹ sì lẹ bébà pupa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó wà lórí tábìlì má bàa gbàgbé. Èkejì ni kí ìwé wọlé kó máa sùn lábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ tó bá wọlé gan-an ni kí wọ́n pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn. Bí kò bá wá gbà á láàárín ọjọ́ 2, kó kan ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ojú máa ń ti èèyàn láti sọ: ẹni tó fẹ́ darí ìjíròrò máa ń gbé ẹ̀dà kan pa mọ́ fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí òun náà kà á ní ọjọ́ 14 bíi tàwọn yòókù, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kó dá a padà.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ìṣẹ́jú 90 ti tó, kí àga yí po, ìbéèrè 5 tàbí 6 náà sì ti tó. Ìbéèrè bíi “ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?” kì í ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, yàrá á sì dákẹ́. Ẹ béèrè pé ojú ewé wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tó ń sọ ìtàn. Ẹ ó rí i pé gbogbo èèyàn á máa ṣí ìwé wò. Kí olùdarí má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, ká má bàa rò pé ìdánwò la wá ṣe.

2. A mọ̀ pé ẹ ó ní owó dà. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ilé-ìkàwé kéékèèké ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni àpò ìwé tó ń yípo. Kí ilé-ìkàwé 6 tí wọn ò jìnnà síra jọ ṣàdéhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ra ìwé kan, ẹ̀dà 4, á kó o sínú àpò tó nípọn. Ní gbogbo oṣù méjì-méjì, àpò á ṣí lọ sí ilé-ìkàwé tó kàn. Nígbà tí ọdún bá fi yípo, ìwé 6 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹyọ kan péré lẹ sì rà. Oṣù méjì náà bá ọ̀sẹ̀ 7 tí a ṣírò lókè mu, ọjọ́ díẹ̀ tó kù á wà fún ìpàdé àti kíka iye ẹ̀dà.

Kí ohun tó wà nínú àpò náà wà ní kíkọ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀: ẹ̀dà 4 tí a kọ nọ́ńbà sí lára, bébà ìbéèrè, orúkọ ilé-ìkàwé tó kàn àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀, àti ìwé tí ẹni tó kó o wá àti ẹni tó gbà á á fọwọ́ sí. Ibi tí ètò yìí ti máa ń fọ́ ni ẹ̀dà tó sọnù. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilé-ìkàwé tí ẹ̀dà bá sọnù sí lọ́wọ́ ló máa ra òmíràn, kí àpò tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí gbogbo ilé-ìkàwé jọ dá owó rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a.

3. Àpò ń dé ní oṣù méjì-méjì. Kí la ó wá ṣe ní oṣù tó wà láàárín? Ètò kan wà tí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó fún, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀: kíkà sókè. Ẹnì kan á ka ìtàn kúkúrú sókè, àwọn tó kù á máa gbọ́, wọ́n á dúró níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kàwé sókè bó ṣe yẹ máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ojú ewé tó ní ọ̀rọ̀ 300 á gba ìṣẹ́jú 2. Ojú ewé 10 á gba ìṣẹ́jú 20, ìṣẹ́jú 40 nínú wákàtí kan á kù fún ọ̀rọ̀. Ẹ má ka ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ka ojú ewé 25 fún àwùjọ ti sọ wọ́n di ọmọ ilé ìwé tó ń wo aago.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lè wá síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà nígbà tó ti dàgbà lè wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè kàwé láti ìgbà tí àpò ti dé lè wá pẹ̀lú, kó má ṣe bíi pé ó ti kà á.

4. Ọjọ́ àti àkókò. Oṣù kan, ètò bọ́ sí ọjọ́ 15. Oṣù kejì, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Oṣù kẹta, ìkéde ní “ẹ máa retí wa”. Ọjọ́ 15 oṣù kan lè jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ti oṣù kejì kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò lè gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ká irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú Ọjọ́bọ̀ kẹta. Láàárín ọjọ́ 15 sí 21 ló máa ń bọ́ sí nínú oṣù èyíkéyìí, kì í ṣáájú, kì í sì í kọjá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa nílò ìkéde láti rántí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fagi lé ẹyọ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí òṣìṣẹ́ kan jókòó pẹ̀lú èèyàn 2 ju kí èèyàn 2 bá ilẹ̀kùn ní títì.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù lọ rèé. Ètò máa ń parí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Tábìlì ìyáwèé ń kógbá sílé ní aago márùn-ún. Èèyàn á ti gbọ́ nípa ìwé, ara rẹ̀ á ti wà lọ́nà, á dìde lọ síbi tábìlì, á bá a pé wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé àwọn ètò “kò mú kí ìwé yíyá pọ̀ sí i”. Báwo ni ì bá ṣe mú un pọ̀? Ní ọjọ́ ètò, kí tábìlì náà wà ní ṣíṣí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ètò bá parí. Bí owó iṣẹ́ àṣekún bá jẹ́ ìṣòro, kí òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò ti tó: nọ́ńbà káàdì, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì.

Nípa ìkéde, inú ilé-ìkàwé nìkan lẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn tó ti wà nínú ilé ló sì ń rí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwé, ilé ìwòsàn, àti ibi tí èèyàn ti ń dúró de ọkọ̀. Kí ó sọ ọjọ́, aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí yóò parí, ẹni tó wà fún, orúkọ ìwé, iye ẹ̀dà tó wà nílẹ̀, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Aago tí yóò parí ni ẹ máa ń gbàgbé, òun sì ni ẹni tó lọ́mọ nílé máa ń kọ́kọ́ wá.

5. Wákàtí ìtàn. Níbi tí ẹ bá a dé, ọmọ ọdún 2 àti ọmọ ọdún 9 ń jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú 90. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ọmọ kékeré ti ṣe é tán. Á sunkún, ìyá rẹ̀ á gbé e jáde, àwọn ọmọ tó kù á yíjú wò wọ́n. Àwọn àgbà inú wọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn láṣọ, torí ìtàn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń kà fún wọn. Lẹ́yìn ìgbà méjì, àwọn ìyá méjèèjì kò ní padà wá.

Ẹ pín wọn. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 3: ìṣẹ́jú 15 sí 20, lórí ẹsẹ̀ òbí wọn, orin kan náà lóṣooṣù, ìwé kan. Wọ́n nílò àtúnsọ, ẹ má ṣe wá orin tuntun fún wọn torí pé ó ti sú ẹ̀yin. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìwé 2 tàbí 3, eré tí wọ́n á fi na ara láàárín. Àwọn ọmọ ọdún 6 sí 9: ìṣẹ́jú 45, ìwé kan tó gùn díẹ̀, àti ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ ṣe. Òṣìṣẹ́ kan náà lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín wákàtí méjì, kó tún rí ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá sinmi láàárín wọn.

Ìjókòó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ kó àga tí ẹ tò bíi ti ilé ẹjọ́ kúrò. Kí ẹni tó ń kàwé jókòó síbi tó rẹlẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á wọ àwọn ọmọ lójú, wọn ò ní rí ju òjìji rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn àwọn ọmọ, kí ẹni tó bá pẹ́ dé má bàa gba ojú wọn. Ìwé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òǹkàwé, kó ṣí sí ọ̀dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà, kó máa fi ọwọ́ ṣí ojú ewé láti ìsàlẹ̀. Èyí gba ìdánrawò, torí ẹ̀gbẹ́ lèèyàn ti máa ń ka ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ tó yan ìwé, ẹ gbé e dúró kí ẹnì kan lọ sí ìpẹ̀kun yàrá. Bí kò bá rí ojú ẹ̀dá inú àwòrán, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún òbí kan àti ọmọ kan nílé. Ẹ dúró níbi 3 tàbí 4 péré láti béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ bá ní “ajá ń sáré”, kí òǹkàwé tún un sọ, kó fi díẹ̀ kún un: “ajá ńlá yẹn ń sáré tọ bọ́ọ̀lù”. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni tábìlì ẹnu ọ̀nà, tí kò sí rárá báyìí. Ìwé 15 sí 20 tó bá ìtàn ọjọ́ náà mu, kí èèpo iwájú wọn kọjú síta. Ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1876 láti fi to ìwé sórí pẹpẹ wúlò fún ẹni tó ń wá ìwé, ṣùgbọ́n ó ń ya ohun tí ọmọdé rí bí ọ̀kan náà sọ́tọ̀. Àlọ́ nípa ẹranko wà ní 398, ìwé ìmọ̀ nípa ẹranko kan náà wà ní 590, ìwé àwòrán rẹ̀ sì wà ní igun àwọn ọmọdé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn ìjàpá tó sì fẹ́ mọ ohun tí ìjàpá ń jẹ kò ní rin ìrìn yẹn. Tábìlì ni yóò bá a rìn ín.

6. Àkójọ àbá ìwé kíkà. Ibí yìí ni a ti fara mọ́ yín díẹ̀: bí àkójọ náà ṣe rí lónìí, kò sí ohun tó ń ṣe. Wọ́n da orúkọ àwọn ìwé tó gba ẹ̀bùn kọ láti ibòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú kátálọ́ọ̀gì wa. Kí ẹ dábàá ìwé tí kò sí nílé dà bí ẹni tó fi òùngbẹ ẹlòmíràn ṣeré. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Òfin àkọ́kọ́: ìwé kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àkójọ láìní nọ́ńbà pẹpẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti dìde lọ fojú rí i lórí pẹpẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí kátálọ́ọ̀gì máa ń sọ pé ìwé wà nígbà tó ti sọnù láti ọdún méjì. Òfin kejì: kí àkójọ má ju ìwé 8 lọ. Òfin kẹta: kí ìwé tuntun má ju ìdajì lọ. S. R. Ranganathan ará Íńdíà, nínú àwọn òfin márùn-ún tó là sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní 1931, sọ pé ìwé kọ̀ọ̀kan ní òǹkàwé tirẹ̀. Ìwé tó ti wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ láti ọdún 8, tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tán, kò náni ní kọ́bọ̀ kan láti gbé sójú.

Kí káàdì kékeré wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ 30 sí 50, kí ọwọ́ tó kọ ọ́ ṣeé kà. “Ìwé tó dára gan-an” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo èyí: “Ìtàn ìwádìí ìpànìyàn tí kì í sáré. Ilé kan, òkú kan, mọ̀lẹ́bí mẹ́fà tí gbogbo wọn ń purọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa fura sí gbogbo èèyàn. Ojú ewé 240.” Ẹni tó kà á á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá tirẹ̀ ni tàbí tirẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá yá ìwé náà, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pẹpẹ tó ní àlàfo mẹ́rin dà bí ibi tí wọ́n ti ṣa èyí tó dára kúrò.

Àbá tó dára jù lọ kì í sí lórí bébà, ẹnu òṣìṣẹ́ ló ti ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ yín máa ń béèrè pé “irú ìwé wo lẹ fẹ́?” Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè pé: ìwé wo lẹ kà gbẹ̀yìn tí ẹ gbádùn, kí ló sì dùn mọ́ yín nínú rẹ̀? Joyce Saricks, àgbà òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Amẹ́ríkà tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní iṣẹ́ yìí, fi hàn pé kókó ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń fa òǹkàwé. Bí ìtàn ṣe yára tó ń fà á, irú ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀ ń fà á, bí wọ́n ṣe to ìtàn náà àti àyíká rẹ̀ ń fà á. Ẹni tó gbádùn ìtàn ogun lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ méjì inú rẹ̀ ló fẹ́ràn. Bí ẹ bá fún un ní ìwé ogun mẹ́wàá, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní ìwé mẹ́ta: ọ̀kan tó jọ ti tẹ́lẹ̀ gan-an, ọ̀kan tó yà díẹ̀, ọ̀kan tí kò rò rí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó yàn. Kí wọ́n má rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń kà, kí wọ́n má sì sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ yá fún un.

Ẹ lẹ ìlànà kan tí Nancy Pearl, tó ti ṣiṣẹ́ ilé-ìkàwé ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ mọ́ ara pẹpẹ náà: kí òǹkàwé fún ìwé ní ojú ewé 50, bí kò bá dùn mọ́ ọn, kó jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 50, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100: ẹni ọdún 70, ojú ewé 30 ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò yá ìwé mọ́ torí wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dá a padà láìparí rẹ̀.

Orúkọ obìnrin yìí kan náà wúlò fún ọjọ́ ńlá tí ẹ ń gbèrò. Ní 1998, ètò tó darí ní Seattle pe gbogbo ìlú láti ka ìwé kan náà, ọ̀pọ̀ ìlú sì ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dúró láìsí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Nínú ìpinnu yín, a rí gbohùngbohùn, a rí àga, a rí àlejò pàtàkì. A ò rí ẹ̀dà ìwé kan.

7. Ẹ fi ìwé onílẹ́tà ńlá, tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ pọ́ìǹtì 16 sí 18, ó kéré tán ọ̀kan, sínú àkójọ kọ̀ọ̀kan, àti ìwé àfetígbọ́ kan bó bá wà. Fún àwọn tí kò ríran, Àdéhùn Marrakesh tí wọ́n ṣe ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, gba àwọn àjọ tó ń sìn wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wọ inú rẹ̀ láyè láti ṣe ẹ̀dà ìwé ní Braille, ìyẹn àmì tí wọ́n ń fi ìka kà, tàbí ní ohùn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ síra wọn kọjá ààlà. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Àti ìwé ìlera: ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dábàá rẹ̀. Ìmọ̀ràn ìṣègùn tó ti kọjá àkókò léwu ju pẹpẹ òfìfo lọ.

8. Kíka iye. Iye orí tó wà nínú yàrá nìkan lẹ ń kà. Èèyàn 6 tó wá lẹ́ẹ̀mẹta yàtọ̀ sí èèyàn 18 tó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò padà mọ́, ṣùgbọ́n méjìdínlógún ni méjèèjì nínú ìròyìn yín. Ẹ ka nǹkan mẹ́rin: iye tó wá, iye nínú wọn tó ti wá rí, iye tó gba káàdì tuntun lọ́jọ́ náà, àti iye ìwé tó kúrò lórí tábìlì àti lára àkójọ láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀kẹrin yìí rọrùn: ẹ fi bébà aláwọ̀ kan sínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ yọ ọ́ sínú àpótí nígbà tí wọ́n bá ń yá a. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka bébà. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀ pẹ̀lú, torí oṣù kan tí òjò rọ̀ kò tó láti fi dájọ́.

Àjọ UNESCO ti gbé Ìkéde Ilé-Ìkàwé Gbogbogbòò jáde láti 1949, wọ́n sì tún un ṣe ní 1994 àti ní 2022 pẹ̀lú IFLA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé lágbàáyé. Ó là á sílẹ̀ pé ilé-ìkàwé wà fún gbogbo èèyàn láìka ọjọ́ orí sí, àti pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ọmọ ọdún 3 tó bá pàdánù ọjọ́ ńlá yín á ti di ọmọ ọdún 4 kó tó tún kàn án.

9. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Ẹ dá ìpinnu náà dúró fún oṣù 6. Ẹ kọ ọjọ́ ètò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síta lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, kí ìjíròrò àti kíkà sókè máa gba oṣù lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ilé-ìkàwé 5 tó sún mọ́ wa nípa àpò ìwé. Bí wọn ò bá tíì dáhùn, ẹ ra ẹ̀dà 3 kún ẹ̀dà kan tó wà nílẹ̀ fún ìwé àkọ́kọ́, kí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín wákàtí ìtàn sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí tábìlì ìyáwèé wà ní ṣíṣí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ètò. Ẹ yọ gbogbo ìwé tí kò sí nílé kúrò nínú àkójọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ìyẹn kò gba ìpàdé ìgbìmọ̀ kankan. Kí orúkọ òṣìṣẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ gbé iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sílẹ̀ lókè síta, ti oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bó bá ṣì jẹ́ pé àwọn èèyàn kò wá, àwa fúnra wa á bá yín yọ ìkéde ètò kúrò lára ògiri.

A ń retí èsì láàárín ọjọ́ 21. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú wa. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹ lẹ ìpinnu náà mọ́.

Àwa òǹkàwé tí káàdì wa wà lọ́wọ́ yín